Ojúlé Ìwàloyè

Ọjọ́ Ajé, 9 oṣù Kẹfà

Wọ́n ti di iṣẹ́ rù mí. Ní ìpàdé ẹbí lánàá, Dáhùnsí akọ̀wé ẹbí dìde, ó ní ìjọba ìbílẹ̀ ń bèèrè ìwé ìtàn orúkọ Ọbalọlá kí wọ́n tó fọwọ́ sí ẹni tí yóò jẹ Ọlọ́jà Ìtún-Àgbọn. Wọ́n fẹ́ mọ ibi tí orúkọ náà ti wá, àwọn tó ti jẹ́ ẹ, àti ojúlé tí oyè kàn. Ìparí oṣù tó ń bọ̀ ni ìwé gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ wọn. Ni gbogbo ojú bá yí sí mi. Torí pé mo fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tẹ̀wé fún àwọn tó ń bá èèyàn gba ẹrù jáde ní pọ́ọ̀tù, wọ́n rò pé ẹni tó lè tẹ lẹ́tà ẹrù lè tẹ ìtàn ìdílé.

Mo gbà nítorí ẹ̀gbọ́n mi. Ojúlé mẹ́ta ló wà nílé wa, Tiwalọlá, Dáhùnsí àti Ìwàloyè, ọmọ Ọbalọlá ọkùnrin mẹ́ta. Àwọn Tiwalọlá ti jẹ. Àwọn Dáhùnsí, ojúlé akọ̀wé ẹbí tó ń jẹ́ orúkọ bàbá ńlá rẹ̀, ti jẹ, tiwọn ló wàjà ní oṣù Kẹta yìí. Ó ku àwa ọmọ Ìwàloyè tí ò jẹ rí. Àwa tó kù ní Ajégúnlẹ̀ kò sì ju méjì lọ, èmi Mọ́nsúrátù, opó ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́ta, àti Bọ̀dá Àṣírù, ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin. Obìnrin kì í jẹ Ọlọ́jà. Bọ̀dá ni oyè kàn.

Ìtún-Àgbọn fúnra rẹ̀ ò sí mọ́. Àgbá epo ló wà níbẹ̀ láti ìgbà tí ìjọba ti gba ilẹ̀ fún pọ́ọ̀tù. Adé nìkan ló ṣẹ́ kù, a sì ń du ú.

Ọjọ́rú, 11 oṣù Kẹfà

Òjò láti àárọ̀. Omi gọ́tà wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, Ebikabowei tó ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe níwájú ilé wa fi pákó ṣe afárá fún wa.

Chinwe tó ń yan bọ̀ọ̀lì lẹ́nu títì wa dáná lábẹ́ agbòjò. Bí Bọ̀dá ṣe yọ lókèèrè ló ti ń wé tiẹ̀ sínú ìwé, ó tún fi ọ̀rá bò ó. "Kábíyèsí, your own don ready. I cover am well." Bọ̀dá dúpẹ́, ó gbé e lọ sí yàrá, ó fa kọ́tìnì kó tó jẹun.

Ogójì ọdún rèé tí kò fi oúnjẹ kan ẹnu níta. Nígbà tí Bàbá wa ń kú lọ, wọ́n pè é, wọ́n ní, "Lẹ́yìn àwọn Dáhùnsí, ìwọ ni. Tọ́jú ara rẹ." Láti ọjọ́ náà, ọba kì í jẹun níta, Àṣírù ò jẹun níta. Ọba kì í ru ẹrù, kò fi orí ru nǹkan kan. Iṣẹ́ kíka ẹrù ló ń ṣe ní wọ́ọ̀fù nígbà yẹn. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á máa jẹ búrẹ́dì àti ẹ̀wà lórí ìdúró, òun á di ìkùn rẹ̀ mú títí di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ ní kó wá bá àwọn ní Kánádà, ó ní ọba kì í sá kúrò nílùú. Ìyàwó rẹ̀ kú ní yàrá kan náà yìí, kò jẹ olorì. Baọ́ndárì lorúkọ àdúgbò wa, Kábíyèsí Baọ́ndárì sì ni gbogbo wọn ń pè é. Èmi náà ti fi rẹ́rìn-ín rí, mi ò ní purọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14 oṣù Kẹfà

Òjò. Kóńgò gààrì ti di ẹgbẹ̀rún kan àti igba náírà. Mi ò tíì kọ ju àkọlé lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 17 oṣù Kẹfà

Dáhùnsí gbé mi lọ sí Ìjọ́rà Bàdíà lọ́dọ̀ Ìyá Fàúsátù, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún, ìyàwó tó dàgbà jù nínú ilé Ọbalọlá. A fi mọ́tò sílẹ̀ lẹ́bàá ojú irin, a wọ́ ẹsẹ̀ nínú ẹrẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà wọn.

Ìyá mọ ìtàn. Wọ́n ní ọjọ́ tí wọ́n gbé adé lé orí Ọlọ́jà àkọ́kọ́ ni ìyàwó rẹ̀ bímọ. Ìlù ń dún lójúde, ọmọ ń ké ní yàrá. Àwọn àgbà bèèrè lọ́wọ́ ọba tuntun pé èwo ló dùn mọ́ ọn jù nínú adé àti ọmọ. Kò dá wọn lóhùn, ó sọ ọmọ náà lórúkọ. "Ibẹ̀ ni orúkọ Bàbá Àgbà ti wá," bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wí, Ọbalọlá ni wọ́n ní lọ́kàn. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ kíákíá. Inú mi dùn díẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọ̀sẹ̀ kan.

Bí a ṣe ń lọ, wọ́n wo Dáhùnsí tó dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ìwàloyè, rọra wa mọ́tò o." Mo rẹ́rìn-ín. Dáhùnsí náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa pè mí bẹ́ẹ̀ jàre, Àǹtí. Wọn ò pe orúkọ mi dáadáa rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi." Ogbó ò dáa.

Ọjọ́ Ẹtì, 20 oṣù Kẹfà

Mo tẹ ojú ìwé mẹ́rin. Àwọn tó jẹ́ Ọbalọlá rèé:

Ọbalọlá fúnra rẹ̀, tó ń tukọ̀ lórí ọ̀sà kó tó jọba, tí ò sì gbowó lọ́wọ́ aboyún.

Mọ́nsúrátù Ọbalọlá, ọmọ rẹ̀ obìnrin, tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ mí. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wá wọn ilẹ̀, ó tẹ́ ẹní sójú ọ̀nà, ó jókòó. Tòun tẹní ni wọ́n gbé e kúrò.

Ògúnjìmí Ọbalọlá, bàbá bàbá mi, tí irin ọkọ̀ òkun já lù ní wọ́ọ̀fù nígbà tí Bàbá wa jẹ́ ọmọ ọdún méjì.

Dickson Ọbalọlá, tó lọ sógun Bọ́mà. Bẹ́líìtì rẹ̀ nìkan ló padà wálé.

Nígbà tí wọ́n ń pín ilẹ̀ Ajégúnlẹ̀ fún àwọn tí wọ́n lé kúrò ní Ìtún-Àgbọn ni orúkọ ẹnì kan di ti gbogbo ilé. Akọ̀wé ìjọba ní kí wọ́n mú orúkọ bàbá kan ṣoṣo wá. Nígbà tí ọkọ mi kú, tí àwọn ẹbí rẹ̀ kó ẹrù mi síta, orúkọ yìí ni mo padà sí. Kò sí ohun mìíràn tó jẹ́ tèmi.

Ti Ìwàloyè ló ń yọ mí lẹ́nu. Ìyá Ògúnjìmí, ìyàwó Ìwàloyè, ló tọ́ Bàbá wa dàgbà. Gbogbo ohun tí Bàbá gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ nípa ọkọ rẹ̀ ni pé èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ọkọ̀ sì dà á nù sínú ọ̀sà lọ́jọ́ òjò kan. Ìlà méjì péré. Báwo ni mo ṣe fẹ́ fi ìlà méjì gba adé?

Ọjọ́rú, 25 oṣù Kẹfà

Mo lọ sọ́dọ̀ Tóbilọ́ba ní Àpápá GRA. Ojúlé Tiwalọlá ni tiẹ̀, ọ̀gá ni ní ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òkun kan. Àwọn igi àtijọ́ ṣì wà ní títì wọn, afẹ́fẹ́ sì wà. Ó fún mi ní tíì tí ò ní ṣúgà, ó ní ṣúgà ò dáa fún àgbà. Ta ló bi í?

Ó fún mi ní ẹ̀dà ìwé tí ẹbí fi ránṣẹ́ sí ìjọba lọ́dún 1957. Orúkọ mẹ́ta ló wà níbẹ̀, Tiwalọlá, Dáhùnsí, Ìwàloyè. Bàbá wa ló kọ ọ́. Mo mọ ọwọ́ ìkọ̀wé wọn láàrin ẹgbẹ̀rún. Tóbilọ́ba sìn mí dé ẹnu géètì. "Kò sí ìjà láàrin wa, Àǹtí. Ojúlé yín ló kàn. Ẹ sọ fún Bọ̀dá Àṣírù pé èmi ni màá kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ fún wọn."

Mo jíṣẹ́ fún Bọ̀dá. Ó mi orí, ó wojú ògiri, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ọjọ́ Àìkú, 29 oṣù Kẹfà

Mo ń tẹ ìtàn Dáhùnsí àgbà bí àwọn ọmọ rẹ̀ ṣe sọ ọ́ fún mi. Ọkọ̀ dà á nù sínú ọ̀sà lọ́jọ́ òjò. Mo sunkún díẹ̀, mo ní tẹ̀gbọ́n tàbúrò ló bá ọkọ̀ kan náà lọ. Mo wá pe Dáhùnsí lórí fóònù láti mọ iye èèyàn tó wà nínú ọkọ̀ náà. Ó ní bàbá àgbà àwọn àti atukọ̀ nìkan ni, atukọ̀ sì yè é.

Mo ní, "Ìwàloyè ńkọ́?"

Ó ní, "Àǹtí, mi ò gbọ́ pé Ìwàloyè wà níbẹ̀ o."

Mo padà ka ìlà méjì tí mo kọ sí Ìwàloyè.

Ọjọ́bọ̀, 3 oṣù Keje

Èmi nìkan ni mo lọ sí Bàdíà. Ìyá Fàúsátù ń ṣa ẹ̀wà lórí ẹní. Mo jókòó tì wọ́n, mo ń bá wọn ṣà á.

Mo ní, "Ìyá, ẹ sọ ti Dáhùnsí fún mi. Ti àtijọ́."

Wọn ò gbójú sókè. "Èmi ò lè pe ìyẹn."

"Kí ló dé?"

"Ìyàwó ni mí. Ọjọ́ tí mo wọ ilé yìí, ìyálé mi pè mí jókòó, ó ka orúkọ àwọn tó ni ilé fún mi. Ó ní, 'Gbọ́ ọ lónìí, má jẹ̀ẹ́ kí n gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ láé.' Ó wá kọ́ mi ní èyí tí àwa ìyàwó ń pè wọ́n. Àwọn ìyálé tiẹ̀ ló kọ́ òun náà." Kódà nígbà tí wọ́n ń forúkọ sílẹ̀ fún ìdìbò, Fàúsátù ọmọ wọn ló bá wọn pe Ọbalọlá fún akọ̀wé.

"Kí ni ẹ̀yin ìyàwó wá ń pe àwọn ọmọ Bàbá Àgbà?"

"Ajíṣefínní ni ẹ̀gbọ́n, torí kì í jáde láì fọ ẹsẹ̀. Ìwàloyè ni àbúrò, torí kì í bínú."

Mo dúró de orúkọ kẹta. Wọ́n ń ṣa ẹ̀wà wọn lọ.

"Ẹ̀kẹta ńkọ́, Ìyá?"

"Ẹ̀kẹta wo? Ọkùnrin méjì ni Bàbá Àgbà bí."

Mo fi ẹ̀wà ọwọ́ mi sílẹ̀. Mo ní, "Ajíṣefínní, ṣé Tiwalọlá nìyẹn?" Wọ́n mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní, "Ìwàloyè wá ńkọ́? Ṣé Dáhùnsí ni?" Wọ́n fi ọwọ́ bo ẹnu bíi pé àwọn gan-an ló pè é, wọ́n wo ẹnu ọ̀nà bóyá ìyálé wọn tó ti kú láti ọdún gbọọrọ gbọ́, wọ́n wá mi orí lẹ́ẹ̀kan sí i.

"Ẹ ò sọ fún ẹnì kankan, láti ọjọ́ yìí wá?"

"Ta ló bi mí?"

Ọjọ́ Ẹtì, 4 oṣù Keje

Mi ò lè kọ nǹkan kan.

Ọjọ́ Àìkú, 6 oṣù Keje

Mo ti rò ó títí, kò sí ibi tó lè gbà yí padà. Dáhùnsí bí Ògúnjìmí, Ògúnjìmí bí Bàbá wa, ó sì kú lórí rẹ̀ ní kékeré. Orí ẹní ìyá àgbà ni Bàbá dàgbà sí ní Ajégúnlẹ̀, ìyẹn ò sì pe orúkọ ọkọ rẹ̀ títí ilẹ̀ fi bò ó. Ìwàloyè ló ń wí, Ìwàloyè ni Bàbá mọ̀. Àwọn mọ̀lẹ́bí tí wọ́n lé lọ sí Ìjọ́rà ò rí wa, a ò rí wọn, fún ogún ọdún. Nígbà tí ìjọba bèèrè orúkọ, àwọn ọkùnrin Ìjọ́rà mú méjì wá, Bàbá mú tiẹ̀ wá láti Ajégúnlẹ̀, wọ́n kọ ọ́ sí mẹ́ta. Wọn ò pe ìyàwó kankan sí ìpàdé náà.

Àbí kí ni mo fẹ́ sọ? Èmi tí mo pe àbúrò ọkọ mi ní Akọ̀wé fún ọdún mọ́kàndínlógún, tí mi ò pe orúkọ rẹ̀ gan-an rí. Bí ọmọ mi bá wà, ṣé á mọ orúkọ rẹ̀ gidi?

Ọmọ Ọbalọlá la ṣì jẹ́. Ẹnikẹ́ni ò lè gba ìyẹn. Ṣùgbọ́n ojúlé Ìwàloyè ò sí. Ojúlé Dáhùnsí ni wá, Dáhùnsí sì ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ tán. Tiwalọlá ló kàn, Tóbilọ́ba nìyẹn. Kó tó tún yí kàn wá, Bọ̀dá á ti wà nínú ilẹ̀.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Wọn ò sọ bó ṣe máa rí bí ẹni tó pa irọ́ náà ò bá mọ̀ pé irọ́ ni.

Ọjọ́rú, 9 oṣù Keje

Fàúsátù pè mí ní ìdájí. Ìyá ti kú lójú oorun. A sin wọ́n lẹ́yìn ìrun Àsárì, nínú òjò, omi ń wọ sàréè bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ ẹ. Mo sunkún ju àwọn ọmọ wọn lọ. Fàúsátù dì mọ́ mi, ó ní òun ò mọ̀ pé mo fẹ́ràn ìyá òun tó báyìí.

Lójú ọ̀nà, ó sọ sí mi lọ́kàn pé kò sí ẹlòmíràn tó mọ̀ mọ́. Ojú tì mí pé ọkàn mi fúyẹ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 12 oṣù Keje

Bọ̀dá gbé fìlà àrán Bàbá síta, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì eyín gbọn ekuru rẹ̀. "Mọ́nsúrá, ojú ìwé mélòó lo kọ sí Bàbá wa Ìwàloyè?"

Mo ní mo ṣì ń kọ ọ́.

"Kọ ọ́ dáadáa. Nítorí wọn la fi jẹ́ nǹkan láyé yìí."

Mo wọlé, mo di ojú mi mọ́ ìrọ̀rí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 15 oṣù Keje

Mo ti sọ fún Bọ̀dá. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló jókòó sí, omi òjò ń kán sínú korobá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀ láti orí ẹ̀wà dé orí ọwọ́ tí Ìyá fi bo ẹnu. Kò dá mi dúró.

Nígbà tó yá, ó ní, "Ṣé Bàbá mọ̀?"

"Rárá, Bọ̀dá."

"Ó dá ẹ lójú?"

"Mo wo ìwé náà. Ọwọ́ wọn ò gbọ̀n níbì kankan."

Ó da omi korobá nù, ó gbé e padà sábẹ́ òjò. "Gbogbo ìkóra-ẹni-níjàánu ogójì ọdún yìí," ó ní, "ta ni mo wá ń ṣe é fún?" Ohùn rẹ̀ ò ròkè. Ó dìde, ó wọ yàrá, ó fa kọ́tìnì.

Ọjọ́bọ̀, 17 oṣù Keje

Chinwe gbé bọ̀ọ̀lì wá sílé, Bọ̀dá dá a padà.

Ọjọ́ Àìkú, 20 oṣù Keje

Ó kan ilẹ̀kùn mi ní ọ̀sán. Ó ti rù. "Ta ló tún mọ̀?"

"Ẹ̀yin àtèmi. Ìyá ti lọ."

Ó wo àwọn ìwé tí mo tẹ̀. "Ìwé náà, ọwọ́ ẹ ló wà."

Inú bí mi. Mo ní, "Ẹ má gbé e rù mí, Bọ̀dá. Ẹ ti rí mi bí ẹni tó máa ń ru ẹrù ẹbí." Ó padà sí yàrá rẹ̀, ó ń wọ́ ẹsẹ̀.

Nítorí náà mo tẹ ìwé méjì. Ọ̀kan ní ojúlé mẹ́ta, ọ̀kan ní méjì. Kí n sọ òótọ́ fún ìwé tèmi: èyí tó ní mẹ́ta ló wù mí. Ta ni yóò pa lára? Tóbilọ́ba ní ilé, ó ní awakọ̀, ó ní ṣúgà tí kì í fún èèyàn. Ẹ̀gbọ́n mi ò ní nǹkan kan bí kò ṣe dídúró tó ń dúró.

Ọjọ́ Àìkú, 27 oṣù Keje

Ìpàdé ẹbí, ní ilé wa. Òjò dáwọ́ dúró, ilẹ̀ ṣì ń rùn. Ìwé méjèèjì wà nínú báàgì mi, mi ò sì mọ èyí tí ọwọ́ mi máa bà. Bọ̀dá wọ bùbá funfun lásán. Kò dé fìlà àrán.

Dáhùnsí ní kí n dìde ka ìwé. Mo ń ṣí báàgì nígbà tí Bọ̀dá gbọ́wọ́ sókè.

"Mọ́nsúrá, jókòó." Ó di ọwọ́ méjèèjì mú lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. "Ojúlé méjì ni wá. Ẹni tí à ń pè ní Ìwàloyè, Dáhùnsí ni. Àwọn ìyàwó ló ń pè é bẹ́ẹ̀, Bàbá wa ò sì mọ̀. Oyè kan Tiwalọlá."

Ariwo sọ. Ẹnì kan ní ọjọ́ ogbó ti dé sí i. Ẹlòmíràn ní wọ́n ti rà á. Dáhùnsí nìkan ni kò pariwo. Ó dúró tòun ti bírò lọ́wọ́, ó ní, "Yàtọ̀ sí Ìwàloyè, Ìyá Fàúsátù ò pè mí lórúkọ mìíràn rí," ó sì jókòó. Ibẹ̀ ni ariwo ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀. Tóbilọ́ba ò dọ̀bálẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ó tún fìlà rẹ̀ ṣe, ó ní òun dúpẹ́. Mo fún Dáhùnsí ní ìwé tó ní ojúlé méjì. Mo fa èkejì ya.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, Bọ̀dá ní òun fẹ́ na ẹsẹ̀. Mo tẹ̀ lé e. Ní ẹnu títì, Chinwe rí i, ó ti ń fa ìwé yọ láti wé tiẹ̀.

Bọ̀dá ní, "No wrap am."

Chinwe wò mí. Ebikabowei tó ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe dáwọ́ dúró. Bọ̀dá fi ọwọ́ rẹ̀ mú bọ̀ọ̀lì lórí iná, ó ń jù ú láti ọwọ́ kan sí èkejì, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà lójú gbogbo ayé, ó gé e jẹ. Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín. Chinwe ò pè é ní Kábíyèsí.

Ó ṣẹ́ ìdajì fún mi. Omi ń bọ́ lójú mi, mo jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀.

"Mọ́nsúrá," ó ní, "ṣé bó ṣe máa ń gbóná nìyí?"

Ogójì ọdún ló ti ń tutù kó tó dé yàrá.